Bí A Ṣe Gbé Lọ́rì Bọ̀ọ̀dá Kúnlé Lọ Pààrọ̀ Sálẹ́ńsà ní Òṣogbo, tí A sì Gba Ìbòkun Padà

Agogo márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí Màmá wa kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Wọn kò pè mí lórúkọ. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti wà nídìí lọ́rì," wọ́n sì padà sínú yàrá wọn. Mo wọ súwẹ́tà lé aṣọ tí mo fi sùn, mo fi gèlè wé orí àti etí, mo mú báàgì mi, mo jáde. Ọyẹ́ ọdún náà le. Ó bo gbogbo àdúgbò wa ní Iléṣà mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí lọ́rì náà títí mo fi fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ìsinmi Kérésì la sì wà. Màmá ló ní kí n bá a lọ, nítorí pé Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ẹni tí a lè fi òun nìkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́. Ó ti tó ọdún kan tí orí ti ń fọ́ ọ. Bó bá kó kòkó láti Ìfẹ̀wàrà wá sí Iléṣà, ọ̀nà tí kò jìn rárá, ojú rẹ̀ á ti pọ́n kó tó délé, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, á sì bì. Nígbà mìíràn oorun ló ń gbé e lọ nídìí sítíárìn. Ìgbà kan wà tó fi lọ́rì wọ oko kòkó olóko, igi ló dá a dúró. Iṣẹ́ tí Màmá rán mi kò gùn: kí n máa bá a sọ̀rọ̀ kó má baà sùn.

Nítorí sálẹ́ńsà la ṣe ń lọ sí Òṣogbo. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, òun ni àgbá irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí èéfín ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá kó tó tú jáde lẹ́yìn. Òun ló ń pa ohùn ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀. Ti lọ́rì Bọ̀ọ̀dá ti jẹrà. Mákáníìkì tó ń bá a tún un ṣe ti fi páànù agolo wé e, ó ti fi wáyà so ó, ó tún un so, títí lọ́rì náà fi ń ké bí ẹranko tí wọ́n ń pa. Àwọn ará oko ní Ìfẹ̀wàrà ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba iwájú ilé àwọn kọjá láàárọ̀ mọ́, nítorí àwọn ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì náà ti kìlọ̀ fún un pé bí àwọn bá tún gbọ́ ohùn yẹn, àwọn á gba lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ló wá júwe wẹ́dà kan tó ń fi iná jó irin fún un ní Òkè Fìà ní Òṣogbo, ó ní bàbá náà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju sálẹ́ńsà lọ́rì lọ.

Nígbà tí a wọ inú ọkọ̀, a ti fèrèsé méjèèjì pa nítorí òtútù. Lábẹ́ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sí ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé, ihò kan wà níbẹ̀ tó tó kí ọmọdé ki ọwọ́ bọ̀. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń ti inú rẹ̀ jáde.

"Na ẹsẹ̀ rẹ síbẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Ibẹ̀ máa ń móoru. Nígbà ọyẹ́, èmi kì í wọ bàtà níbí."

Mo na ẹsẹ̀ mi síbẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A fi Iléṣà sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń lọ sí àdúrà òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Ariwo lọ́rì náà pọ̀ débi pé àfi kí n pariwo mọ́ Bọ̀ọ̀dá létí kó tó gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Mo sọ ìtàn ọ̀gá ilé ìwé wa, mo sọ ti àwọn òbí tí kò rówó ra ìwé fún ọmọ. Ó kàn ń mi orí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Fẹ́hìntọ́lá, bó ṣe máa ń lọ nígbàkígbà tí mi ò bá ṣọ́ ọ.

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Kúnlé ni Fẹ́hìntọ́lá. Ọmọ Ìbòkun ni, ó sì lo ọdún mẹ́fà nílé wa. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Òun ló fún mi ní orúkọ tó ń pè mí, Adúmáadán, kódà bí inú ń bí i sí mi, Adúmáadán náà ni. Àràárọ̀ ló ń di oúnjẹ sínú kúlà fún ọkọ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá á jẹ ẹ́ nídìí sítíárìn, á sì bì í kó tó délé. A ṣàkíyèsí èyí. A gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ara rẹ̀ yá ṣáká. Ọjọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tó tún gbé kúlà oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ dání, ọjọ́ náà ni orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. A ṣàkíyèsí ìyẹn náà. Kọ̀ńdọ́tọ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ nínú oúnjẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí la tún ń wá? Kò sí wòlíì kan tó dárúkọ ẹnikẹ́ni fún wa o. Alàgbà tó gbàdúrà fún un kàn sọ pé ohun tó ń bá a jà kò jìnnà sí i. Àwa fúnra wa la dárúkọ, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dá a.

Oṣù márùn-ún ti kọjá báyìí tí Fẹ́hìntọ́lá ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìbòkun. Bísí, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lọ́dọ̀ Màmá. Orí Bọ̀ọ̀dá kò sì yéé fọ́. A ní ohun tó fún un jẹ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde.

Ohun tí mò ń rò lọ́wọ́ nìyẹn, tí n kò fi mọ ìgbà tí mo sùn. Èmi tí wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn! Ìgbátí Bọ̀ọ̀dá ló jí mi. Ó ti dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ń pè mí bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbà á, mo ṣubú sínú koríko. Orí mi ń lù kì kì kì bí odó. Mo bì. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bọ̀ọ̀dá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, ohun kan náà ló ń ṣe.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ọkùnrin kan tó di igi ìdáná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ń bọ̀, ó dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará," ló wí. "Kí lẹ jẹ?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ṣírò ohun tí mo jẹ. Láti àná, lẹ́yìn iyán ọ̀sán tí èmi fúnra mi gún, n kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Bọ̀ọ̀dá náà kò jẹ. Ó sì ti tó oṣù márùn-ún gbáko tí ọwọ́ Fẹ́hìntọ́lá ti kan oúnjẹ ilé wa kẹ́yìn.

"A ò jẹ nǹkan kan," ni mo sọ fún ọkùnrin náà.

Ó wo lọ́rì, ó wò wá, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi kò lè dìde. Kì í ṣe àìsàn ló dá mi jókòó mọ́. Ẹ̀rù ohun tí a ti sọ nípa Fẹ́hìntọ́lá ni. Nígbà tí a tún wọ ọkọ̀, mo ṣí fèrèsé mi sílẹ̀ gbayawu, nítorí àfi inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni àwa méjèèjì jọ wà. Òtútù náà gún wa dé eegun títí a fi wọ Òṣogbo.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi Òṣogbo ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀, pátákó ọ́fíìsì ìjọba ti pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n lákòókò yẹn. Ọkọ̀ tò láti ẹnu ilé epo kan títí dé ìkóríta, àwọn awakọ̀ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n sùn síbẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo wọn, ojú kan náà ni wọ́n ní. A ra ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ní Òkè Fìà. Náírà kan ni wọ́n ń ta àkàrà kan, kò sì tóbi tó ti Iléṣà. Nígbà tí mo bi obìnrin tó ń ta á léèrè pé ulé wẹ́dà dà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìjẹ̀ṣà lẹ!" Àwa la máa ń pe ilé ní ulé, tí a ń pe iṣu ní uṣu, tí a bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí, ẹnu wa ló máa ń tú wa fó. Ó nawọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò kan ní òdìkejì títì.

Sálẹ́ńsà ògbólógbòó ni wọ́n tò yí igi náà ká, àwọn kan jẹ ihò bí afárá oyin, àwọn kan tẹ̀ kọrọdọ. Bàbá Ràímì ni wọ́n ń pe wẹ́dà náà. Bàbá tín-ín-rín ni, ó dé fìlà olójú àwọ̀n, ojú rẹ̀ kan ti funfun nítorí iná wẹ́dà. Ó ń run orín lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Kò wo abẹ́ lọ́rì. Àwa ló ń wò.

"Bísímílláhì, ẹ jókòó," ló wí. "Ta ni orí ń fọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Bàbá, sálẹ́ńsà la gbé wá."

"Mo ti gbọ́ sálẹ́ńsà yín láti ìkóríta. Kì í ṣe òun ni mò ń bi."

"Orí ń fọ́ àwa méjèèjì, sà," ni mo dáhùn.

Ó tutọ́ orín sílẹ̀, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá ká rọ́bà inú ọkọ̀ kúrò. Ó rí ihò náà. Ó bi mí bóyá mo ní aṣọ funfun kan lọ́wọ́, mo fún un ní áńkáṣíìfù mi. Ó tẹ́ ẹ lé orí ihò náà, ó fi òkúta mẹ́rin tẹ ẹ́ ní igun. Lẹ́yìn náà ó fi àkísà tútù dí ẹnu páìpù tó wà lẹ́yìn lọ́rì, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá tan ẹ́ńjìnì. Èéfín dúdú tú jáde níwájú, níbi ọrùn ẹ́ńjìnì gan-an, ó ń fò fẹ́ẹ́ bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó. Kò pẹ́ tó ní kó pa á. Nígbà tó gbé áńkáṣíìfù mi sókè, ó ti dúdú láàárín, ó rí rogodo bí ojú owó.

"Súbúhánálláhì," ni Bàbá Ràímì wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ẹ ti pẹ́ nínú rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ hàn wá. Páìpù kan wà tó ti ọrùn ẹ́ńjìnì lọ bá sálẹ́ńsà. Níbi tí páìpù yìí ti pàdé ẹ́ńjìnì, ó yẹ kí awẹ́ kan tó fẹ́lẹ́ bíi páálí wà láàárín irin méjèèjì kí èéfín má baà ráyè jáde. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ti lọ́rì Bọ̀ọ̀dá ti jóná tán, kò ku nǹkan kan níbẹ̀. Páìpù náà fúnra rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi wáyà dì í lórí.

"Sálẹ́ńsà tó bàjẹ́ lẹ́yìn, ariwo ló ń pa," ló wí. "Èyí tó bá ya níwájú, èèyàn ló ń pa. Dúdú tí ẹ rí lára aṣọ yìí kọ́ ló burú jù. Èyí tí ẹ ò rí ni. Kò ní òórùn, kì í ta lójú. Ara èèyàn á kàn wúwo, oorun á máa kùn ún. Àbúrò mi lọ́kùnrin ni mo fi kọ́ ọ. Òjò ń rọ̀, ó tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó lè móoru, ó ti ilẹ̀kùn. A rò pé ó sùn ni."

Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ó lè mú èèyàn bì?"

"Á bì."

"Bí ẹni náà bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ á yá."

"Bó bá padà sídìí ọkọ̀?"

"Á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ń bi mí báyìí, ọmọ mi?"

Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá Kúnlé dìde lórí òkúta tó jókòó lé. Ó rìn lọ sẹ́yìn igi máńgòrò, ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọkùnrin gìrìpá ni, ẹni tó ń gbé àpò kòkó sí èjìká láì mí gúlegúle. Mo rí i tí èjìká náà ń gbọ̀n. Bàbá Ràímì wò ó, ó wò mí. Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó wọ abẹ́ lọ́rì.

Iṣẹ́ náà gba àárọ̀ di ọ̀sán. Àwọn nọ́ọ̀tì ti dípẹtà, kò sí èyí tó yí. Ó bu kẹrosíìnì lé wọn, ó dúró, ó fi iná gáàsì yán wọn títí wọ́n fi pọ́n, ó wá ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ní láti lu wọ́n jáde. Bọ̀ọ̀dá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò tòkúnbọ̀. Wọ́n pe sálẹ́ńsà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà, ó sì gbà á ní ẹgbẹ̀fà. Tòkúnbọ̀ náà ni páìpù tó rà. Gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló jẹ́ tuntun. Ọgọ́ta náírà ni. Mo gbé e lọ́wọ́ kí Bàbá Ràímì tó gbà á, kò wúwo ju ìwé ọmọ ilé ìwé lọ. Ọgọ́ta náírà.

Bàbá náà fọ ojú irin méjèèjì mọ́ kó tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì sáàárín wọn. Ó gé rọ́bà táyà, ó fi gbé sálẹ́ńsà kọ́ sábẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà máa gbá ara. Ó jó irin pẹlẹbẹ kan bo ihò tó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ó tún dí ẹnu páìpù, ó tún tan ẹ́ńjìnì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tútù wá èéfín kiri gbogbo oríkèé bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Kò rí nǹkan kan. Ohùn lọ́rì náà ti rẹlẹ̀ débi pé mo gbọ́ ẹyẹ lórí igi.

"Àlùhámúdùlílàhì," ló wí. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó dá díẹ̀ padà. "Ẹ fi ra mílíìkì fún ọmọ nílé."

Ọ̀nà tó lọ sí Iléṣà tààrà wà níwájú wa. Bọ̀ọ̀dá kò gbà á. Ó yà sí ọ̀nà Ìbòkun. Ọ̀nà yẹn kò dára nígbà náà. Ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, kòtò ló pọ̀ ju títì lọ, igbó kòkó sì dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lọ́rì tó dákẹ́ yìí ń gbé wa lọ, a lè bá ara wa sọ̀rọ̀ láì pariwo. Mo ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún Fẹ́hìntọ́lá sínú.

A bá Fẹ́hìntọ́lá lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀pà. Ó ti rù. Nígbà tó rí wa, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bísí," ló wí. Ó yíjú sí mi. "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà."

Mo dúró kó pe orúkọ tó fún mi. Kò pè é.

Bàbá rẹ̀ jáde, a jókòó. Bọ̀ọ̀dá kò lè jókòó ní tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ erùpẹ̀ níwájú àna rẹ̀, ibẹ̀ ló ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà: èéfín, gásíkẹ́ẹ̀tì, ihò, áńkáṣíìfù. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bó ṣe kéré tó. Bàbá àgbàlagbà náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Èéfín," ni bàbá náà wí. Ó tún un sọ, "Èéfín." Ó wá ní, "Ẹ kò ṣẹ̀ mí tó bí ẹ ṣe ṣẹ̀ ẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó wa. Mo ní, "Fẹ́hìntọ́lá, èmi ni. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó gbá eèpo ẹ̀pà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sunkún, kò gbóhùn sókè.

"Ẹ ti sọ ti èéfín fún bàbá mi," ló wí. "Ṣé ẹ ti sọ ti ajá?"

N kò sọ ọ́ fún ẹ̀yin tó ń kà mí náà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lé e, mo gba kúlà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìta, lójú àwọn ará àdúgbò, mo da oúnjẹ tó sè fún ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ajá kan. Mo ní bí kò bá sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ajá náà kò ní kú. Ajá jẹ ẹ́ tán, ó lá ilẹ̀, ó mi ìrù, ó sì dúró kí n tún bù sí i. A dúró títí di ọ̀sán, nǹkan kan kò ṣe é. Mo wá ní májèlé tí wọ́n bá ṣe fún èèyàn kì í pa ẹranko. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ru àpótí rẹ̀ dé gáréèjì.

"Bí ajá yẹn bá kú, ẹ̀ bá pa mí," ni Fẹ́hìntọ́lá wí. "Kò kú, ẹ sì lé mi. Kí ni ǹ bá ṣe tí ẹ̀ bá fi gbà mí gbọ́?"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Dìde, ká lọ sílé. Mo bẹ̀ ọ́. Lónìí."

"Bàbá Bísí, mo dúpẹ́ pé ara yín á yá. Òtítọ́ ni mo sọ, mo dúpẹ́. Lálaalẹ́ ni mò ń gbàdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò lé mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò sì sọ pé kí wọ́n má lé mi. Inú yàrá lẹ wà. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá náà títí mo fi kúrò níbẹ̀." Ó he ẹ̀pà kan nílẹ̀. "Èmi kò padà mọ́. Ẹ bá mi mú ọmọ mi wá."

Bọ̀ọ̀dá dorí kodò. Ó ní òun á mú un wá.

Fẹ́hìntọ́lá wá kọjú sí mi. "Ilé mélòó lẹ sọ ọ́ fún, Tíṣà? Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ kí Bísí dàgbà tán kí wọ́n máa pè é lọ́mọ apọkọ."

Ó fún wa ní omi mu. Ó bu ẹ̀pà tútù sínú ọ̀rá, ó ní ká gbé e fún Bísí. Nígbà tí a ń lọ, kò sìn wá dé ìta. Bàbá rẹ̀ ló sìn wá.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Iléṣà, ó pọ́n rẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́, kò sì ní ooru kankan. Màmá jókòó síwájú ilé, Bísí ti sùn lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọn kò gbọ́ lọ́rì títí ó fi dúró níwájú wọn, ó sì yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó mà dákẹ́ o! Ṣé wọ́n rí ohun tó ń ṣe é?"

"Wọ́n rí i, Màmá," ni mo wí. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì sọ ọ́. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀.  Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, wọn kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bọ̀ọ̀dá gbé Bísí lọ sí Ìbòkun. Ó ń wakọ̀ lọ láti ìgbà yẹn, orí kò sì fọ́ ọ mọ́. Ó dá wà nílé, ara rẹ̀ le koko.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn ọjọ́ kan yìí ni pé ẹni tó ń wá ọ̀tá yóò rí ọ̀tá, nítorí èèyàn wà nítòsí nígbà gbogbo, ojú sì tètè máa ń tó èèyàn ju ihò abẹ́ ẹsẹ̀ lọ. Mo tún kọ́ pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ burúkú gbà jáde kò ṣeé gbà padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé láti Òṣogbo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ilé mọ́kànlá ni. Àwọn kan ní, "Ó ṣe o." Àwọn kan bi mí pé èló làwọn ará Ìbòkun fi bẹ̀ wá. Ẹni tó kẹ́yìn ni ìyá tó ń yan ẹja ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Mo bá a nídìí ààrò, èéfín bò ó dé ọrùn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èéfín kẹ̀?" ló wí. "Èéfín yìí náà? Ogún ọdún rèé tí mo ti wà nínú rẹ̀, ṣé ó pa mí ni? Tíṣà, ẹ ò tún gbọdọ̀ jẹ́ kí obìnrin yẹn tàn yín jẹ."

Mo fa àpótí kan súnmọ́ ọn, mo jókòó tì í, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.